Ẹ̀rọ ìṣàwárí wo ló yẹ àpamọ́ ìwé ìròyìn wa? Ìfiwéra fún àwọn olóòtú Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìwé ìròyìn tí orúkọ wọn kì í dé Èkó pọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ti régbérégbé, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Púpọ̀ nínú wọn ti gbé ẹ̀dà àtijọ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn àròkọ náà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ rírí wọn ló di wàhálà. Ẹ tẹ "Ojude Oba" láìfi àmì sí i, àwọn àròkọ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ló máa jáde. Ẹ tẹ "Ojúde Ọba", ẹ ó rí díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ, tàbí kí ẹ má rí ẹyọ kan. Àjọ̀dún kan náà ni, àpamọ́ kan náà ni.

N ó sọ ibi tí mo fì sí kí n tó ṣàlàyé. Bí àpamọ́ yín kò bá ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan àròkọ lọ, tí ẹ sì ní ẹnì kan tó mọ kóòdù díẹ̀, SQLite, database (ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ létòlétò) tó wà nínú fáìlì kan, pẹ̀lú FTS5, apá rẹ̀ tó ń ṣe ìṣàwárí, ni kí ẹ mú. Bí ẹ kò bá ní agbára àtimójútó server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo láti dá òǹkàwé lóhùn, ẹ mú Pagefind. Bí ẹ bá ti ń lo PostgreSQL, database tó ń fẹ́ server, tẹ́lẹ̀ fún nǹkan mìíràn, ẹ dúró síbẹ̀. Àwọn yòókù ní ipò tiwọn, a máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nínú àpamọ́ tí Yorùbá wà, ẹ̀rọ tí a mú kọ́ ló sábà máa ń ba ìṣàwárí jẹ́. Bí a ṣe kó ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ náà ni, nítorí náà ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì, kí ẹ tó yan ohunkóhun

Lẹ́tà tí ojú wa rí bí ọ̀kan lè jẹ́ méjì lójú kọ̀ǹpútà. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ (U+1ECD), fún ẹ (U+1EB9) àti fún ṣ (U+1E63), àmọ́ kò ní ẹyọ kan fún ọ́ tàbí ẹ̀. Lẹ́tà ni yóò kọ́kọ́ wà, kí àmì ohùn tó tẹ̀lé e: U+0301 fún ohùn òkè, U+0300 fún ohùn ìsàlẹ̀. Ẹlòmíràn á sì kọ́kọ́ tẹ ó, kó tó wá fi àmì abẹ́ lẹ́tà, U+0323, sí i. Bí ẹ bá tẹ̀ wọ́n jáde sórí ìwé, kò sẹ́ni tó lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Akọ̀wé tó ń fi fóònù tẹ àròkọ ní Ìjẹ̀bú-Òde àti èyí tó ń lo láptọ́ọ̀pù ní Ìkẹ́nnẹ́ lè kọ "ọwọ́" ní ọ̀nà méjì sínú àpamọ́ kan náà, kí ẹni tó ń wá a má sì rí ju apá kan lọ.

Ìlànà Unicode tí wọ́n ń pè ní NFC ló ń kó gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí pa pọ̀: àmì abẹ́ á wọnú lẹ́tà, àmì ohùn á tẹ̀ lé e. Àwọn èdè kóòdù bíi Python àti JavaScript ní iṣẹ́ yìí nínú, PHP ní in nínú àfikún rẹ̀ intl, PostgreSQL sì ti ní tirẹ̀ láti ẹ̀yà 13 tó jáde ní 2020. Ẹ fi tún àròkọ ṣe kí ó tó wọ àpamọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tún ohun tí òǹkàwé tẹ̀ ṣe kí ẹ tó fi wá nǹkan. Apá kejì yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, tí gbogbo làálàá apá kìíní á sì já sófo.

Ìbéèrè tó kàn ni bóyá kí a bọ́ àmì kúrò pátápátá. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí a bá bọ́ ọ, ẹni tó bá tẹ "owo" máa rí owó, ọwọ́, òwò, ọ̀wọ̀ àti ìlú Ọ̀wọ̀ lójú kan náà, ẹ̀yin náà sì mọ iye ìgbà tí owó nìkan máa jáde nínú ìwé ìròyìn Ìjẹ̀bú. Àwọn mìíràn ní kí a fi àmì sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí a bá fi sílẹ̀, ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ní àmì ohùn, ìyẹn ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn òǹkàwé wa, kò ní rí nǹkan kan.

Èmi kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ tọ́jú àròkọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà méjì: ọ̀kan pẹ̀lú àmì, ọ̀kan láìsí àmì. Kí ẹ̀rọ máa wá inú méjèèjì, kí ó sì ka èyí tó bá àmì mu sí pàtàkì ju èkejì lọ. Ẹni tó bá tẹ "ọ̀wọ̀" pẹ̀lú àmì á kọ́kọ́ rí ọ̀wọ̀, kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá tẹ "owo" lásán á rí gbogbo rẹ̀, á sì ṣà á fúnra rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí mo fi wọn àwọn ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ yìí nìyẹn: èwo ló gbà wá láyè láti ṣe èyí láìjà?

Àpótí tó bá WordPress wá

Orí WordPress, ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì, ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kéékèèké wà, àpótí ìṣàwárí tó bá a wá ni wọ́n sì ń lò. Ohun tí àpótí yẹn ń ṣe kò ju pé kó fi àṣẹ LIKE bi database léèrè bóyá àwọn lẹ́tà tí a tẹ̀ wà níbì kan nínú àkọlé, àkékúrú tàbí ara àròkọ. Láti ẹ̀yà 3.7 ní 2013 ló ti ń gbé èyí tó bá àkọlé mu sókè. Kò ní atọ́ka (àtòkọ ọ̀rọ̀ àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà) tó ń wò, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn ló ń kà, ṣùgbọ́n bí àròkọ yín kò bá pọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Ibi tí ó ti ń dunni ni pé LIKE kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ẹ wá "ode" nínú ìwé ìròyìn Ìjẹ̀bú-Òde tí Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ wo bí "modern", "model" àti "episode" ṣe máa rọ́ jáde. Lẹ́tà sí lẹ́tà ló sì fi ń wé nǹkan, nítorí náà àmì ohùn tó dá dúró láàárín ọ̀rọ̀ lè já a kulẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ kúrò lórí LIKE, kí ẹ lo FULLTEXT, ìṣàwárí alátọ́ka tó wà nínú MySQL, database tí WordPress ń lò. Ó sàn jù, àmọ́ ẹ yẹ irú tábìlì yín wò. Tábìlì MyISAM àtijọ́ kì í ka ọ̀rọ̀ tí kò tó lẹ́tà mẹ́rin àyàfi tí ẹ bá yí i padà. Ìyẹn ni pé ọba, ilé, owó, ìlú, ìyá, gbogbo wọn kò sí lójú rẹ̀. InnoDB, irú tábìlì kejì, tó gba FULLTEXT láti MySQL 5.6, bẹ̀rẹ̀ láti lẹ́tà mẹ́ta. Ẹni tó bá ṣe ètò yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ní Yorùbá lọ́kàn.

Àpótí Google

Google Programmable Search máa ń wọlé kíákíá, ọ̀fẹ́ sì ni tí ẹ bá gbà kí ìpolówó máa bá èsì jáde. Ojú ìwé tí Google kò tíì wò kò ní sí nínú rẹ̀, ẹ kò sì lè sọ fún un pé kí ó ka àmì sí tàbí kí ó má kà á. Ó dára fún oṣù tí ẹ ṣì ń múra.

SQLite FTS5

Fáìlì kan ṣoṣo ni SQLite. Kò sí server kankan láti tàn, kò sí ọ̀rọ̀ aṣínà láti pàdánù, bí ẹ bá sì fẹ́ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, ẹ kó o sórí fláàṣì. Fún ìwé ìròyìn tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù, pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè kọ nǹkan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe ìṣòro rárá.

FTS5 ni apá rẹ̀ tó ń ṣe ìṣàwárí. Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, á bọ́ àmì kúrò fúnra rẹ̀. Ẹ pa á láṣẹ pẹ̀lú "remove_diacritics 0", á fi àmì sílẹ̀. Àṣẹ yìí kan gbogbo tábìlì, torí náà ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa bọ́ àmì ẹ̀dà kejì kí ẹ tó kó o wọlé. Òpó (àyè kọ̀ọ̀kan nínú tábìlì) mẹ́rin tó: àkọlé, ara, àkọlé láìlámì, ara láìlámì. Bm25, ọ̀nà tí FTS5 ń gbà to èsì, gbà kí ẹ fún òpó kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, ibi tí ẹ ti máa sọ fún un nìyẹn pé àkọlé tó bá àmì mu ló ga jù. Mo lè bẹ̀rẹ̀ láti 10 fún àkọlé, 5 fún àkọlé láìlámì, 4 fún ara, 1 fún ara láìlámì, kí n wá máa yí i bí èsì bá ṣe rí.

Ó ní àléébù kan tí kò hàn títí iṣẹ́ á fi dé ojú òǹkàwé. FTS5 lè gé díẹ̀ nínú àròkọ síta kí èèyàn rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà, àmọ́ bó bá jẹ́ inú òpó láìlámì ló ti rí i, Yorùbá láìlámì ló máa gbé jáde, ó sì burẹ́wà lójú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń kọ kóòdù ka ipò ọ̀rọ̀ náà, ìkẹtàdínlógún tàbí ìkọkànlélógójì, kí ó lọ gé e láti inú òpó tó ní àmì. Iye ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú méjèèjì, wọn ò ní ṣìnà.

FTS5 kì í tún àṣìtẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá tẹ "Awujle" á rí òfo.

PostgreSQL

Ohun gbogbo tí mo sọ nípa òpó méjì ṣeé ṣe níbí, ó tún ní unaccent fún bíbọ́ àmì, pg_trgm fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì tẹ̀, àti ìwọ̀n mẹ́rin láti A dé D. Ìnira rẹ̀ ni pé server ni, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa mójú tó o.

Ẹ ṣọ́ra fún ètò èdè rẹ̀. Bí ẹ bá fi "english" ka àròkọ Yorùbá, ó máa fi òfin Gẹ̀ẹ́sì gé ìdí ọ̀rọ̀ yín, á sì ju àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké nù. "Simple" ni kí ẹ lò fún Yorùbá. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í yí ìdí padà nítorí pé nǹkan di púpọ̀ tàbí pé ó ti ṣẹlẹ̀ lánàá, torí náà a ò pàdánù nǹkan kan. Fún àwọn àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, "english" wúlò: ẹni tó wá "trader" á rí "traders". Ẹ fi òpó kan sọ èdè tí wọ́n fi kọ àròkọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ parí.

Meilisearch, Typesense àtàwọn tí wọ́n ń yá lóṣooṣù

Àwọn wọ̀nyí ló dùn-ún wò jù. Bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ni èsì ń jáde, wọ́n sì ń dárí ji àṣìtẹ̀. Meilisearch gba àṣìtẹ̀ kan nínú ọ̀rọ̀ tó bá tó lẹ́tà márùn-ún, méjì nínú èyí tó bá tó mẹ́sàn-án. Ẹ ronú sí i dáadáa nípa Yorùbá: ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wa kò tó lẹ́tà márùn-ún, ìdáríjì yẹn kò kàn wọ́n. Àwọn tó sì tó o, àyípadà lẹ́tà kan lè sọ wọ́n di nǹkan mìíràn pátápátá. Ẹni tó ń wá àròkọ lórí ìlera á bá ìlara pàdé nísàlẹ̀ èsì. Meilisearch á to ìlera sókè, kò burú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ó máa ń bọ́ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ Látìn kí ó tó ṣe atọ́ka. Owó àti ọwọ́ di ọ̀kan, ohun yòówù kí òǹkàwé tẹ̀. Fún orúkọ èèyàn àti orúkọ ìlú, ìyẹn dára gan-an. Fún àpamọ́ ewì àti òwe, mi ò lè gbà á.

Typesense ń tọ́jú gbogbo atọ́ka rẹ̀ sínú RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà), RAM ló sì ń wọ́n owó nígbà tí a bá ń yá server. Algolia àti irú rẹ̀ máa ń ṣe gbogbo iṣẹ́ fún yín, dọ́là ni wọ́n sì ń gbà. Akápò ẹgbẹ́ tó ń gba owó ọdún lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní náírà máa bi yín ní ìbéèrè ní ìpàdé gbogboogbò.

Elasticsearch

Láti 2010 ló ti wà, orí Lucene, kóòdù ìṣàwárí tí Doug Cutting bẹ̀rẹ̀ ní 1999 ni wọ́n kọ́ ọ lé. Kò sí ohun tí mo fẹ́ tí kò lè ṣe, ó tiẹ̀ gbà kí ọ̀rọ̀ kan náà ní atọ́ka méjì láìsí pé ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n Java ni, ó ń jẹ RAM, ó sì ń fẹ́ ẹni tó máa jókòó tì í. Fún ẹ̀dà ìwé ìròyìn tí kò kún yàrá kan, ṣe ló dà bíi kí èèyàn gba tírélà lọ gbé kóńgò gàrí kan ní ọjà Òkè-Ajé.

Bí yunifásítì kan tàbí ilé iṣẹ́ ìròyìn ńlá bá ń ka èyí, ẹ̀yin lẹ lè nílò rẹ̀. Ẹ má lo asciifolding, ètò rẹ̀ tó ń bọ́ àmì, fún Yorùbá: ó máa sọ lẹ́tà "ọ" di "o", á sì fi àmì ohùn tó tẹ̀ lé e sílẹ̀ bó ṣe wà. Icu_folding, tó ń bá àfikún (plugin) analysis-icu wá, ni kí ẹ lò. Ẹ tún wo ìwé àṣẹ rẹ̀, ó yí padà ní 2021, ìyẹn ló bí OpenSearch, ẹ̀dà rẹ̀ láti ọwọ́ Amazon, wọ́n sì fi AGPL, ìwé àṣẹ ìlò ọ̀fẹ́, kún ti Elasticsearch ní 2024.

Pagefind

2022 ló jáde, ó sì yàtọ̀ sí gbogbo àwọn tó ṣáájú. Kò sí server ìṣàwárí rárá. Ẹ̀yin á ṣe atọ́ka lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ ó gbé e sórí ìkànnì pẹ̀lú àwọn ojú ìwé yòókù, fóònù òǹkàwé á sì máa fa kìkì apá tó nílò. Fún ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ṣe pàtàkì.

HTML, ìyẹn ojú ìwé ìkànnì, nìkan ló ń kà. PDF yín kò ní sí nínú rẹ̀ àyàfi tí ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ inú wọn sí ojú ìwé. Ó tún máa ń ya atọ́ka sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè tí a kọ sí lang (àmì tó ń sọ èdè) ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, "yo" lọ́tọ̀, "en" lọ́tọ̀, ẹni tó wà lójú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní rí àròkọ Yorùbá. Àṣẹ force-language máa pa wọ́n pọ̀. Fún ẹ̀dà láìlámì, ẹ fi í sínú attribute kan, kí ẹ sì fi data-pagefind-index-attrs sọ fún un pé kó kà á.

| Ẹ̀rọ | Server? | Ẹ̀dà alámì àti aláìlámì | Àṣìtẹ̀ |
|---|---|---|---|
| WordPress (LIKE) | ti ìkànnì yín tó | rárá | rárá |
| SQLite FTS5 | rárá | bẹ́ẹ̀ ni, òpó méjì | rárá |
| PostgreSQL | bẹ́ẹ̀ ni | bẹ́ẹ̀ ni | pg_trgm |
| Meilisearch | bẹ́ẹ̀ ni | ó ń bọ́ àmì | bẹ́ẹ̀ ni |
| Elasticsearch | bẹ́ẹ̀ ni, ńlá | bẹ́ẹ̀ ni | bẹ́ẹ̀ ni |
| Pagefind | rárá | pẹ̀lú ọgbọ́n díẹ̀ | díẹ̀ |

Ojú ìwé tí wọ́n yà bí àwòrán

Bí ẹ̀dà àtijọ́ yín bá jẹ́ àwòrán inú PDF, kò sí ẹ̀rọ ìṣàwárí kankan tó lè ràn yín lọ́wọ́ kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ jáde láti inú wọn. Tesseract, ètò tó ń ka ọ̀rọ̀ jáde láti inú àwòrán, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní fáìlì Yorùbá tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ yor. Ẹ lò ó pẹ̀lú eng pa pọ̀. Lórí ìwé tó ti pọ́n, ó máa ń jẹ àmì abẹ́ lẹ́tà, nígbà mìíràn á sọ lẹ́tà "ọ" di "q". Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ẹ kò ní parí. Ẹ fi ọwọ́ tún àkọlé, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ṣe nínú àròkọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́, ibí yìí ni kí ó lọ, kì í ṣe sórí server.

Àkọtọ́ náà tún wà níbẹ̀. Ṣáájú ìlànà tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, "enia", "aiye", "nwọn" àti "obirin" ni wọ́n ń kọ, ọ̀dọ́ tó ń tẹ "obìnrin" lónìí kò sì ní rí wọn. Àtòkọ ọ̀rọ̀ tó jọra ló ń yanjú èyí, gbogbo ẹ̀rọ tó wà lókè yìí ló sì ṣeé fi ṣe é, bí kò bá tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ fi ọ̀rọ̀ kejì kún ohun tí òǹkàwé tẹ̀. Ẹ fi Ṣàgámù àti Shagamu pa pọ̀. Ẹ fi ìkọ́kọrẹ́ pẹ̀lú ìfọ́kọrẹ́. Ogun State University tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982 ní Àgọ́-Ìwòyè di Olabisi Onabanjo University ní 2001, nítorí náà OSU àti OOU gbọ́dọ̀ mọ ara wọn. Àròkọ tó ṣáájú 1976 kò ní mọ Ìpínlẹ̀ Ògùn rárá, torí pé wọn kò tíì dá a sílẹ̀.

Ọdún

Ẹ̀rọ yòówù kí ẹ mú, ẹ fi àyè sílẹ̀ kí òǹkàwé lè yan ọdún. Ọba Sikiru Adetona gorí oyè ní 1960, wọ́n sì wàjà ní oṣù Keje 2025. Fún gbogbo ọdún yẹn, ẹni kan náà ni "Awùjalẹ̀" nínú gbogbo ẹ̀dà, bóyá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó la ń kọ ni o, tàbí ti ilẹ̀, tàbí ti Ojúde Ọba. Ìwọ̀n bm25 kò lè mọ èyí tí òǹkàwé ń fẹ́ nínú òkè èsì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè yan 1980 sí 1984, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Ẹ kọ ọdún àti nọ́ńbà ẹ̀dà sí òpó tiwọn láti ọjọ́ kìíní, nítorí pé ìyà ni láti padà wá yọ ọ́ láti inú orúkọ fáìlì.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tí ẹ ti mọ̀ pé ó wà dán ẹ̀rọ wò. Ẹ pe àgbà kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín láti ìgbà èwe, kí ẹ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ fẹ́ rí?" kí ẹ sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹ fún ọmọ wọn ní fóònù kó tẹ ohun kan náà. Ẹ fi orúkọ ìdílé tí wọ́n ń kọ ní ọ̀nà méjì kún un, ọ̀rọ̀ kan tí àmì ohùn ló yà á sọ́tọ̀, àti ọdún kan. Ẹ̀rọ tó bá gbé àròkọ tó tọ́ wá sínú márùn-ún àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti tó.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i fún gbogbo èèyàn, ẹ jẹ́ kó máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n wá tí kò mú èsì jáde sí fáìlì kan, láìkọ orúkọ ẹni tó wá a. Kí igbákejì olóòtú máa kà á lóṣooṣù, nígbà tí ẹ bá ń to ẹ̀dà tuntun. Ìdajì ohun tó máa wà níbẹ̀ máa wọ àtòkọ ọ̀rọ̀ tó jọra. Ìdajì yòókù jẹ́ àròkọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ.